Igi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Pààlà

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi lọ wo ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo ewéko ń dán. A wọ ọkọ̀ kékeré ní èbúté, a gba inú odò tó lọ sí ìhà Òde Ùgbò. Òun ló ń tu ọkọ̀, èmi jókòó síwájú, mo gbé àpò mi lé itan. Mo fẹ́ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé ẹni tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé rẹ̀ yẹ kó sinmi. Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ láti kékeré nìyẹn. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì lè dá aṣọ wọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo dàgbà sí. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tí mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo lọ́kọ sí Ayétòrò, òun ló jókòó sípò ìyá.

Ojú òkun gan-an ni ilé ọkọ mi wà. A ti tú ilé náà kó sẹ́yìn rí, òkun tún bá wa níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, ọ̀sán gangan ni ìgbì wọlé. Ó gbé tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ká pákó ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi sì bá omi lọ pẹ̀lú aṣọ oníbàárà nínú. Máṣíìnì ìránṣọ mi nìkan ni ọkọ mi rí fà yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ tó le. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ nígbà tí mo bá jí láàárọ̀. Mo fẹ́ gbin ilá sẹ́yìnkùlé. Apẹja ni ọkọ mi, orí omi ni wọ́n bí i sí, ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ bàbá wa wà, àwa méjèèjì péré la sì jẹ́ ọmọ bàbá náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ti ní ká múra, ká lọ pín in.

Ilẹ̀ náà gùn láti etí odò lọ sókè. Apá òkè ga díẹ̀, igi àgbọn wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì dúdú. Apá ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí kan omi. Igi kan tí kò ga ju òrùlé ilé lọ ló kún ibẹ̀, wọ́n wọ́ mọ́ra wọn, ẹ̀ka wọn tẹ̀ títí ó fi ń kan ilẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní ìrísí ọkàn, bí èyí tí wọ́n máa ń yà sára ìwé ìpè ìgbéyàwó. Òdòdó rẹ̀ ló mú mi dúró. Àwọ̀ ìyeyè ni, ó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àárín rẹ̀ sì ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ àdá, ó ń ṣán koríko lọ níwájú, èmi ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn àwọn igi náà ló gbà. Bí wọ́n bá yà sọ́tùn-ún, òun náà á yà sọ́tùn-ún. Bí wọ́n bá sún wọnú, á tẹ̀ lé wọn wọnú. Bó ṣe ń lọ ló ń ri igi kéékèèké mọ́lẹ̀ fún ààlà. Nígbà tó parí, ó nu àdá mọ́ koríko, ó ní láti ibi ààlà yẹn sọ́nà odò, tèmi ni. Láti ibẹ̀ lọ sókè, tòun ni, òun á sì fi í sílẹ̀ de ọmọ òun tó wà ní Èkó, fún ìgbà tó bá fẹ́ wá kọ́lé.

Mo bi í pé irú igi wo lèyí.

“Igi oko lásán ni,” ó ní. “Èmi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo òdòdó ẹ̀ dáadáa, ṣé kò jọ ti ilá? Ẹbí ilá ni. Ibi tí irú ẹ̀ bá ti hù tó báyìí, ilá á ṣe dáadáa níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé o fẹ́ràn òdòdó. Ìdí tí mo fi ní kí n fi apá ibí fún ẹ nìyẹn.”

Òdòdó náà jọ ti ilá lóòótọ́. Mo sì fẹ́ràn òdòdó lóòótọ́. Mo máa ń fi òwú kọ ọ́ sí etí aṣọ àwọn ọmọdé tí mo bá rán. Pé ẹ̀gbọ́n mi rántí ìyẹn nígbà tó ń pín ilẹ̀, ó wọ̀ mí lára. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ilẹ̀ náà á tù mí lára. Mo ṣàmín.

Ọkọ mi náà lọ wo ibẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bu omi odò sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, omi náà dùn. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ní àsìkò òjò, omi tó ń ti òkè bọ̀ a máa ti omi iyọ̀ padà sínú òkun, gbogbo odò wa á sì dùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kó wá. Ọkọ mi mọ èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi la ti gba ilẹ̀, kò sì wá sọ́kàn rẹ̀ pé ó yẹ kí òun tún un wò. Ní ti igi náà, ó ti ń rí i létí omi láti kékeré, ó kàn ń fi ẹ̀ka rẹ̀ so ọkọ̀ ni. Kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló ń wá níbẹ̀.

A ṣán díẹ̀ nínú àwọn igi náà, a fi èyí tó pọ̀ síwájú ilé sílẹ̀ fún ẹwà. Ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ kó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì wá láti Igbókọ̀dá. Ilé náà kéré, yàrá àti pálọ̀ àti ibi tí mo gbé máṣíìnì sí, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó jókòó sábẹ́ igi òdòdó yẹn gan-an, ó ń bá wọn ṣàwàdà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn.

Òjò dá. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ilá mi ti yọ ewé dáadáa, mo ti ń ka ìtàkùn ẹ̀gúsí tó ń rákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí màá fún àwọn aládùúgbò. Etí ewé ilá ló kọ́kọ́ pọ́n. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n fi iná jó etí rẹ̀ yíká. Ṣe ni ìtàkùn ẹ̀gúsí sùn sílẹ̀, kò sì dìde mọ́. Mo ń bomi rin wọ́n láti inú kànga tí a gbẹ́, bí mo sì ṣe ń bomi rin wọ́n tó ni wọ́n ń yára kú. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ ò hó mọ́ nígbà tí mo bá ń fọṣọ. Mo rò pé ọṣẹ náà ni kò dára, mo ra irú mìíràn, kò hó. Ọkọ mi ti òkun dé, ó tọ́ omi kànga wò, ó tú u dànù.

Láàárọ̀, ilẹ̀ á funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. Ìsàlẹ̀ ògiri ń rin, ariwo bí ẹni ń họ nǹkan ni mo sì máa ń gbọ́ tí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ bá ń já bọ́.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní bí ilẹ̀ tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí n wá ìgbẹ́ adìẹ sí i. Mo wá ìgbẹ́ adìẹ, mo fi ọkọ̀ rù ú wá láti òdìkejì odò, òórùn rẹ̀ lé èrò sí ìdí ọkọ̀. Mo tún ilá gbìn, ó tún kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá irúgbìn ni. Ó fún mi ní irúgbìn tirẹ̀, èyí tó ń gbìn sí òkè ààlà, níbi tí ilá rẹ̀ ti ga tó mi. Ó kà á sí ọwọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àdúrà tì í. Èyí náà kú.

Ohun kan ṣoṣo tí kò kú ni igi òdòdó. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo nǹkan ń gbẹ, ewé rẹ̀ tutù minimini, ó ń tanná lójoojúmọ́ bíi pé òun nìkan ni wọ́n ń bọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó dáadáa. Mo ní bí o bá jẹ́ ẹbí ilá, kí ló dé tí o wà láàyè?

Ọmọbìnrin mi ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lókè. Mo ya fọ́tò igi náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo ní kó bi olùkọ́ rẹ̀ pé irú igi wo nìyí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ya èyí àkọ́kọ́, òdòdó tó wà nínú rẹ̀ sì pupa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ya òmíràn, ìyẹn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ó pè mí, ó ní olùkọ́ òun ní igi méjì ni mo yà, kí n ṣe sùúrù, kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́. Mo ní ọ̀kan náà ni. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbé máṣíìnì mi sí ẹnu fèrèsé, mo yan òdòdó kan, mo so okùn pupa mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kí n má bàa ṣì í mú, mo ń rán aṣọ, mo ń wò ó. Òwúrọ̀, ó là, ó mọ́ bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Nígbà tí oòrùn kúrò lókè orí, ó dà bí ẹni pé wọ́n kán epo pupa sí i. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọjá lọ sílé, ó ti di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n jù. Ìrọ̀lẹ́, ó pupa, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó bọ́ sílẹ̀. Mo ti gbé pẹ̀lú igi náà láti ìgbà òjò, mo ń gbá òdòdó pupa nílẹ̀ láràárọ̀, mi ò bi ara mi rí pé níbo ni wọ́n ti ń wá nígbà tí kò sí òdòdó pupa lórí igi.

Nígbà tí mo ròyìn èyí fún ọmọ mi, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n ya ẹ̀yìn ewé. Ẹ̀yìn ewé náà funfun díẹ̀, ó ní irun múlọ́múlọ́ bí aṣọ òwú tuntun. Ó ní kí n bó èèpo ẹ̀ka kan. Èèpo náà gùn, ó le, mo fà á, kò já. Ó ní kí n wá èso rẹ̀. Mo rí èyí tó ti gbẹ, ó là sí ọ̀nà márùn-ún, irúgbìn kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n da irúgbìn náà sínú abọ́ omi. Wọ́n léfòó. Mo fi abọ́ náà sílẹ̀ mọ́jú, wọ́n ṣì léfòó. Mo pè é, mo sọ èyí fún un.

“Màámi,” ó ní, “ṣé ìdí ilé yín gan-an ni igi yìí wà, àbí ẹ rí i níbòmíràn?”

Mo ní iwájú fèrèsé mi ni.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní òótọ́ ni pé ẹbí ilá àti ìṣápá ni, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n èyí nínú ẹbí náà fara da iyọ̀. Etí omi òkun àti àbàtà tí omi iyọ̀ ń wọ̀ ni ilé rẹ̀, omi ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Ó ní a lè gbìn ín sí ibòmíràn kó sì hù, ṣùgbọ́n tó bá ti hù fúnra rẹ̀, tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, tí kò sì sí igi míì láàárín rẹ̀, a jẹ́ pé iyọ̀ ló ti pa àwọn yòókù.

Mo jókòó ti máṣíìnì. Aṣọ tí mo ń rán ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mi ò tíì ro ibi sí ẹ̀gbọ́n mi nígbà yẹn. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ni pé àwa méjèèjì ni kò mọ̀, àánú rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe mí, pé báwo ni màá ṣe sọ fún un tí kò ní bà á nínú jẹ́.

Ọmọ mi wálé nígbà tí wọ́n gba ìsinmi. A wọ ọkọ̀, a gba inú odò lọ sọ́nà Abereke, ó ń tọ́ka sí igi náà níbikíbi tó bá ti rí i. Kò sí ibi kan tó wà tí kì í ṣe ibi tí omi ń dé. Igi ẹ̀gbà á dúró sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ alákàn, igi òdòdó á wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, lórí ilẹ̀ tí omi ń bò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko àti igi àgbọn. Bákan náà ló rí títí a fi yí ọkọ̀ padà.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ní òun fẹ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká. A gun òkè lọ sí ibi ààlà. Ó ń tẹ̀ lé àwọn igi tí ẹ̀gbọ́n mi rì mọ́lẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Lápá kan, igi òdòdó. Lápá kejì, ilá tó ga, ẹ̀gẹ́, ata. Ààlà náà kò lọ tààrà rárá. Ó yà níbi tí àwọn igi yà, ó wọnú níbi tí wọ́n wọnú. Ibì kan wà tí igi òdòdó kan dá yọ sókè ju àwọn yòókù lọ, ààlà náà gba ẹ̀yìn rẹ̀ yíká kó tó padà sí ọ̀nà rẹ̀.

“Ta ló pààlà yìí?” ọmọ mi bi mí.

Mo tún rí ẹ̀gbọ́n mi lójú ọkàn mi, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ nínú koríko tútù, bó ṣe ń yà bí igi bá yà, tí èmi ń tẹ̀ lé e bí ọmọ. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ààlà náà. Ọmọ mi rò pé oòrùn ló mú mi, ó sáré lọ láti bu omi wá, ó dé ìdí kànga kó tó rántí pé omi náà kò ṣeé mu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gé ẹ̀ka kan tòdòdó tòdòdó, mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà nínú ahéré tó ti ń yan ẹja, ó ń yí ẹja lórí ààrò, èéfín bò ó. Mo kí i, ó dáhùn, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo gbé ẹ̀ka náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó, kò sì bi mí pé kí ni mo gbé e wá ṣe.

“Àǹtí,” mo ní, “ṣé ẹ mọ igi yìí?”

Ó yí ẹja kan, ó tún yí òmíràn. “Ta ló sọ fún ẹ?” ó ní.

Mo ti múra àlàyé sílẹ̀ láti ilé, fọ́tò wà lórí fóònù mi, irúgbìn wà nínú ọ̀rá lápò mi. Mi ò lo ìkankan. Ó fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kò pariwo, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní bàbá wa ló fi igi náà han òun kí wọ́n tó bí mi. Bàbá a máa bó èèpo rẹ̀ fi ṣe okùn, nígbà tí wọ́n bá sì jọ lọ bó o ni bàbá máa ń sọ pé ibi tí igi náà bá parí sí ni omi iyọ̀ ń parí sí, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní bàbá tún un sọ nígbà tó ń ṣàìsàn. Èmi wà ní Ayétòrò nígbà yẹn.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ fún mi pé òun ò mọ̀ ọ́n.

“Apá kan dáa, apá kan ò dáa,” ó ní. “Ẹnì kan ló máa gba èyí tí ò dáa. Mo wo ọmọ mi, mo wo ìwọ, mo mú ọmọ mi.”

“Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni?” Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ó gbójú sókè, ó wò mí nínú èéfín. “Àbúrò mi ni ẹ́,” ó ní. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Mo rìn jáde. Mo ti gbàgbé ọ̀nà tí mo gbà délé. Ohun tí mo rántí ni pé inú mi ò bàjẹ́ nítorí ilẹ̀ náà tó bí mo ṣe rò. Ká ní ó sọ fún mi pé ibi tí omi ń dé nìyí, pé ibẹ̀ nìkan ló kù, ǹ bá gbà á. Mo mọ bí a ṣe ń gbé orí omi. A ò ní da búlọ́ọ̀kù sí i, a ó ri òpó, a ó to pákó, a ó máa bá ayé wa lọ. Òdòdó yẹn ló dùn mí. Pé ó wá inú gbogbo ohun tó mọ̀ nípa mi, ó rí ohun kékeré tí mo fẹ́ràn, ó sì fi ìyẹn bo ojú mi. Ẹlòmíì ò lè ṣe é, torí ẹlòmíì ò mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Mo tún ń rántí irúgbìn ilá tó kà sí ọwọ́ mi, àdúrà tó fi tì í. Ó mọ̀ pé yóò kú, ó sì ṣe àdúrà sí i.

Ọkọ mi bínú ju bí mo ṣe rò lọ. Ó fẹ́ lọ bá a, mo dì í mú. Nígbà tí òkun ru ní ọdún yẹn, omi wọ pálọ̀ wa, ó sì jẹ́ kí ìpinnu rọrùn. Ọkọ mi ṣí páànù òrùlé, ó wó ògiri, irin tó wà nínú rẹ̀ ti ń rún bí bisikíìtì. Ó ri òpó sí ojú ibẹ̀, ó kọ́ ilé pákó lé e lórí, bí ilé tí mo sá kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la wà títí di òní. Mo ń rán aṣọ níbẹ̀, omi ń lọ lábẹ́ mi, ó ń bọ̀. Mi ò kọ òdòdó sí etí aṣọ mọ́, bí oníbàárà bá ní òun fẹ́, mo máa ń sọ pé ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òjò ọdún méjì ti kọjá nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó dé láti wá kọ́lé. Mọkáníìkì ni, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, èmi ni mo rán aṣọ ìkómọ rẹ̀. Ó wá kí mi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pákó, ó ń sọ bí ilé òun ṣe máa rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti rí i nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá pé igi òdòdó kéékèèké ti ń yọ láàárín ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀, lókè ààlà. Ewé wọn ò tíì ju owó onírin lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣì wọ́n mọ̀. Omi ti gbé irúgbìn wọn gun òkè. Ẹ̀gẹ́ tó wà nítòsí wọn sì ti ń ṣe bí ilá mi ṣe ṣe.

Mo ronú sí i. Mi ò ní pé kò wá sí mi lọ́kàn láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí, ó sì jókòó síwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mú un lọ síbẹ̀, mo fi àwọn igi náà hàn án, mo sọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí fún un. Mo ní kó dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, kó gbẹ́ kànga kó tọ́ ọ wò, kó tó gbé búlọ́ọ̀kù kankan wá.

Ó wo àwọn igi kékeré yẹn, ó wo ilé pákó wa nísàlẹ̀. “Àǹtí, ṣé màámi mọ igi yìí?” ó ní.

Mo ní kó lọ bi wọ́n.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó padà sí Èkó láìpẹ́, mo sì gbọ́ pé ó ti ra ilẹ̀ sí apá ibòmíràn, kò sì wá mọ́ bó ṣe máa ń wá. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ fún àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pé mo fi irọ́ lé ọmọ òun lọ nítorí ìlara, pé mo fi igi oko lásán dẹ́rù bà á. Ó sọ ọ́ lójú mi. Igi oko lásán, ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó pín ilẹ̀. Àwọn obìnrin náà yíjú sí mi. Mo ká ìborùn mi, mo lọ.

Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò ta mọ́ báyìí. Ọmọbìnrin mi ṣì máa ń lọ kí i tó bá wálé, mi ò sì dá a dúró. Ó ní ìyá àgbà ti rù, wọn kì í sì í béèrè mi.

Láìpẹ́ yìí, mo ń lọ ra òwú ní Igbókọ̀dá. Mo ti jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé sí èbúté pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan. Ó rí mi. Ó wọlé, ó jókòó síwájú, ó kẹ̀yìn sí mi. Ẹni tó ń to èrò sínú ọkọ̀ mọ ìdílé wa tipẹ́, ó bi í bóyá àwa méjèèjì la jọ ń lọ, kó lè to ẹrù wa pọ̀.

“Rárá,” ó ní. “Èmi nìkan ni.”

Ọkùnrin náà wò mí. Mo gbé àpò mi fún un, ó gbé e sí ọ̀tọ̀, wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì.